Ọjọ́ Tí A Bá Ìyá Ìsàlẹ̀ Ṣọ̀fọ̀ Obìnrin Ilé-Èrò

Ẹ sún mọ́ ibí díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú. Ẹni tí tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbé e kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sáré lé bọ́ọ̀sì, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀; èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi wa bọ́ọ̀sì ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ẹni tó ń wo aago. Ó jẹ mọ́ obìnrin kan tó kọ̀wé ní ilẹ̀ Jàpáànù láyé àtijọ́, kí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún jẹ mọ́ obìnrin kejì, tó pọn ti àkọ́kọ́ títí dé Thamesmead ní ìlú òyìnbó níbí, tí àárẹ̀ sì ti mú un débi pé ó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Obìnrin kejì yìí ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Abẹ́ fúláàtì mi gan-an ni tirẹ̀ wà. Ata ló mú wa mọra. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi papò dà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara mi se ọbẹ̀, n kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn ṣí fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, mo ń dín ata lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ìyá arúgbó kan ni, ó tín-ín-rín, ó wọ aṣọ dúdú láti ọrùn dé ẹsẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ti gbé ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Ó wúkọ́, ó nu ojú, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń sè? Ó ń pa mí lẹ́kún, ebi rẹ̀ sì tún ń pa mí."

Ó jókòó nídìí tábìlì mi, ó jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, ó ń sunkún, ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó jẹ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Ìyá Ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, òun náà sì sọ mí ní Ọ̀gbẹ́ni Òkè. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ẹnu wa. Olùkọ́ èdè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ló kù tó ń tẹ̀ ẹ́ láago láti ilé. Ọmọbìnrin mi, tí a bí sí Woolwich, tí kì í rántí fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ àfi tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi, bá wa nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Sunday kan. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó ní, "Daddy, o ò sọ fún mi pé o ti rí ìyàwó tuntun."

Mo ní, "Gbé ẹnu rẹ dákẹ́. Obìnrin yẹn ní ẹni tó ń bá gbé."

"Ta ni?"

"Òkú kan."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, n kò purọ́ mọ́ ọn. Fúláàtì Ìyá Ìsàlẹ̀ kún fún ìwé, gbogbo ìwé náà sì jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo: obìnrin kan tó kọ̀wé láyé àwọn jagunjagun onídà méjì. Ó rí ẹ̀dà ìwé obìnrin náà nínú àká tẹ́ńpìlì kan nígbà tó wà léwe, kò sì lè fi sílẹ̀ mọ́. Ó ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí èmi tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kò sì tíì parí rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò parí. Ó ní, "Bí mo bá parí rẹ̀, ta ni màá fún?"

Orí fẹ́rì ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Dókítà ní kí n máa rìn nítorí orúnkún mi, Ìyá Ìsàlẹ̀ ní òun náà yóò máa bá mi lọ. A ó wọ bọ́ọ̀sì dé Woolwich, a ó gba ọjà Beresford Square kọjá, èmi a ra iṣu bí mo bá rí èyí tí kò tíì rọ̀, òun a máa yí ẹja wò títí tí ẹlẹ́ja á fi bínú. Lẹ́yìn náà a ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò, a ó wọ fẹ́rì kọjá sí òdìkejì, a ó yí po díẹ̀, a ó tún wọ̀ ọ́ padà. Ọ̀fẹ́ ni. Atẹ́gùn odò yẹn tutù, ṣùgbọ́n Ìyá Ìsàlẹ̀ kì í gbà láti jókòó sínú. Á di irin mú, á máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹyẹ lọ, tó fi jẹ́ pé mo ní láti tẹ etí sí i bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àṣírí.

Bàbá obìnrin òǹkọ̀wé yìí ń pọn ọtí ìrẹsì ní ìlú kan létí òkun. Kò bí ọmọkùnrin. Ojú ọkùnrin náà ti ń ṣú, ó sì fẹ́ràn ìwé, ló bá kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìwé kíkà kí ó lè máa kà á fún un. Àwọn ará àdúgbò ní ó ń ba ọmọ jẹ́, pé obìnrin tó bá gbọ́n jù, ọkọ kì í dúró tì í. Nígbà tó tó ọkọ ọ́ fẹ́, wọ́n fi fún onílé-èrò kan ní àárín òkè, níbi tí ọ̀nà ọba gbà lọ sí olú-ìlú. Láti ọjọ́ tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbé omi gbígbóná fún àlejò, kí ó fọ ẹsẹ̀ wọn, kí ó gbé oúnjẹ wá, kí ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ. Ohun tó gbọ́ ló ń kọ, nídìí ààrò, nígbà tí ìrẹsì bá ń hó lórí iná.

Ọ̀mọ̀wé kan láti olú-ìlú sùn ní ilé-èrò náà lóru ọjọ́ kan, ó rí ìwé rẹ̀, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ìdí ààrò lásán ni, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fọ ẹsẹ̀. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹsẹ̀ tí òun ń fọ̀ náà ló rin ọ̀nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ewì lé lórí. Nígbà tí Ìyá Ìsàlẹ̀ sọ èyí fún mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń ṣọ́ fẹ́rì yíjú wò wá.

Wọn kò tẹ ìwé náà jáde nígbà ayé rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó máa ń yá àwọn obìnrin tó ń gba ọ̀nà náà kọjá ní ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, kó tó dá a padà. Ẹ̀dà tó bá kọ di tirẹ̀, òun náà sì lè yá ẹlòmíràn, pẹ̀lú àdéhùn kan náà. Mo ní, "Àwa náà ní irú rẹ̀. Àlọ́ tí o bá gbọ́ lálẹ́ òní, ìwọ ni wàá pa á lọ́la." Ìyá Ìsàlẹ̀ ń wo omi. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé èmi ni èèyàn àkọ́kọ́ tó bi òun ní ìbéèrè méjì lórí obìnrin náà, pé ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn tó kù máa ń béèrè, tí wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá fẹ́ bàjẹ́ sí nìyí. Ilé ìkàwé kan ní àdúgbò wa máa ń fún un ní yàrá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn kì í wá. Lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin kan wá, ṣùgbọ́n òjò ló ń sá fún. Nígbà tí òjò dá, òun náà dìde. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá náà wá fi ìtìjú sọ fún Ìyá Ìsàlẹ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń béèrè àyè, pé ti oṣù yìí lè jẹ́ àṣekẹ́yìn bí èèyàn kò bá wá.

Ìyá Ìsàlẹ̀ gòkè wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò bá mi jẹun. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Òkè, mo ti pinnu. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wá lọ́jọ́ Sátidé, màá palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Màá kó ìwé náà síta pẹ̀lú páálí tí àwọn akólẹ̀ máa ń kó. Obìnrin yẹn ti rin ìrìn tó pọ̀ tó. Kó sùn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo sì ṣe ohun tí ọkùnrin tó bá wà nínú ìjọ wa máa ń ṣe bí nǹkan bá fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: mo lọ bá àwọn obìnrin.

Mummy Alága ni alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn parí gbólóhùn. Mo bá a lẹ́yìn ìsìn níbi tó ti ń pín oúnjẹ.

Mo ní, "Mummy, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá kan wà nísàlẹ̀ ilé mi, ọmọ Jàpáànù ni. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé nípa màmá kan tó jẹ́ òǹkọ̀wé, tó ti…"

"Tó ti kú?"

"Ó ti kú, Mà, ṣùgbọ́n…"

"Yéè! Ó mà ṣe o. Ta ló wà pẹ̀lú ìyá náà?"

"Kò sẹ́nìkan. Ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá wá…"

"Bí ẹnikẹ́ni kò bá wá kẹ̀? Nínú Thamesmead yìí, níbi tí a wà? Daddy, ṣé ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run bi wá léèrè ni? Aago mélòó? Níbo? Ṣé ó ń jẹ ìrẹsì?"

"Ó ń jẹ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n, Mummy, ọ̀rọ̀ náà…"

"Ó tán. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń na ọwọ́ sí àwọn obìnrin tó kù.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe rí. Bí ẹnìkan bá gba yàrá lọ́jọ́ Sátidé láti sọ̀rọ̀ lórí òkú, ìrántí ni. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló fẹ́ jókòó, tó sì ń fi ojoojúmọ́ wọ aṣọ dúdú, kí ni a tún ń wádìí? Èmi ò rò ó débẹ̀. Mo lọ sílé, mo sùn fọnfọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli. Ọmọbìnrin mi gbé wa lọ. Ìyá Ìsàlẹ̀ to àga díẹ̀, ó yọ díẹ̀ kúrò nínú díẹ̀ náà, kí yàrá má baà fi í ṣẹ̀sín. Ó gbé ìwé rẹ̀ ka orí tábìlì, ó bu omi sí ife. Aago lù. Kò sẹ́nìkan. A dúró. Ọmọbìnrin ilé ìkàwé náà yọjú, ó tún yọ orí padà. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù. Àwọn èèyàn wa kì í tètè dé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dé."

Ọmọ mi yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé, "Daddy, ṣé o sọ aago wa fún wọn tàbí aago òyìnbó?"

Ojú ń ti èmi náà. Nígbà tó pẹ́, Ìyá Ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú àpò. Ó ní, "Ẹ ti gbìyànjú fún mi, Ọ̀gbẹ́ni Òkè. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Kò sunkún. Ì bá sunkún, ọkàn mi ì bá balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti ń wọ ẹ̀wù òjò nígbà tí a gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ rọra o! Ẹ má da ọbẹ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì onílé!" Ilẹ̀kùn ṣí, Mummy Alága wọlé, àwọn obìnrin ìjọ tò tẹ̀lé e, àwọn àgbà àti àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí aṣọ nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ kóòtù wọn. Gbogbo wọn wọ dúdú tàbí búlúù tó ṣú. Wọ́n gbé kúlà ìrẹsì, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín, wọ́n gbé omi inú ike. Àga kò tó. Ọmọbìnrin ilé ìkàwé ń sáré gbé òmíràn wá. Mummy Alága kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó lọ tààrà bá Ìyá Ìsàlẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Mà. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tù yín nínú. Irú rẹ̀ kò ní í tún ṣẹlẹ̀ mọ́."

Àwọn tó kù gbè é: "Àmín o."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ọmọ mi fi ìgbúnwọ́ gún mi. "Daddy, kí lo sọ fún àwọn aunties yìí?"

Mo la ẹnu láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n Ìyá Ìsàlẹ̀ ti fa apá aṣọ mi. Ó ní, "Kí ni ìyá yìí ń sọ?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Mo ní, "Ó ní òun bá yín kẹ́dùn ẹni yín tó lọ."

Ìyá Ìsàlẹ̀ dúró. Ó wo Mummy Alága tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo àwọn obìnrin tó kún yàrá, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì nítorí tirẹ̀. Ó tẹrí ba bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ wọn, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa. Mummy Alága rò pé ìyá tó ju òun lọ ń kí òun, ló bá tún rẹ ara sílẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ náà tún tẹ̀ sí i. Àwọn méjèèjì ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, títí obìnrin kan fi ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á dìde, kí ẹ̀yìn ìyá má lọ kán sí wa lọ́wọ́!"

Nígbà tí gbogbo èèyàn jókòó, ó tú ìwé rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. "Mà, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀." Ó gbé e sókè, ó ku bíńtín kó tó ti ẹyẹ. Mummy Alága nàka sí mi: "Daddy, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo nínú bọ́ọ̀sì, iṣẹ́ yín rèé." Mo dìde. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá ketekete.

Apá tó mú wá lọ́jọ́ náà ni ti ẹnubodè. Etí ilé-èrò náà ni ẹnubodè ọba wà. Ọba ńlá ilẹ̀ náà ti fi ìyàwó gbogbo ìjòyè ṣe ohun ìdógò ní olú-ìlú, kí ìjòyè kankan má baà dìtẹ̀ sí i. Nítorí náà, ọkùnrin lè kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin, yálà ó ń jáde tàbí ó ń wọlé, gbọ́dọ̀ ní ìwé. Ìwé náà á sọ ẹni tó jẹ́, ibi tó ń lọ, bí irun rẹ̀ ṣe gùn tó, bóyá àpá wà lára rẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú irun obìnrin wò. Bí ohun tó rí kò bá bá ìwé mu, wọ́n á dá obìnrin náà padà.

Bí mo ṣe sọ báyìí, àwọn obìnrin náà fa àga wọn sún mọ́ iwájú. Obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní, "Wọ́n tú gèlè mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní fọ́tò ò jọ mí."

Òmíràn ní, "Tìẹ dára. Èmi, wọ́n dá mi padà pátápátá. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó wọlé."

Mummy Alága ní, "Ẹ jẹ́ kí Daddy sọ̀rọ̀ jàre. Àwọn tí wọ́n dá padà ńkọ́, níbo ni wọ́n lọ?"

Mo ní ọ̀dọ̀ obìnrin ilé-èrò ni wọ́n ń sùn. Wọ́n á jókòó, kò ní í bi wọ́n ní nǹkan kan títí tí ẹsẹ̀ wọn á fi gbóná. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ tẹnu wọn, òun á sì kọ ọ́. Ìyá kan wà tó ń lọ gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ tó lóyún àkọ́kọ́. Àpá iná kékeré kan wà lábẹ́ irun rẹ̀ láti kékeré, òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé, kò sí nínú ìwé. Wọ́n dá a padà. Ó ń dúró de ìwé tuntun ní ilé-èrò, ojoojúmọ́ ló sì ń jáde lọ wo òrùlé ẹnubodè náà, bí ẹni pé òrùlé á ṣàánú rẹ̀. Obìnrin ilé-èrò kọ bí ìyá náà ṣe ń hun bàtà koríko pẹlẹbẹ fún ọmọ tí wọn kò tíì bí, tó ń tú u, tó tún ń hun ún. Ìyá Ìsàlẹ̀ sọ gbólóhùn kan, èmi sọ mẹ́wàá. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ó gùn tó bẹ́ẹ̀ ní èdè yín ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo sinmi, obìnrin kan na ọwọ́ sókè. "Màmá tó kọ̀wé yìí, ṣé ó mọ Jésù?"

Ìyá Ìsàlẹ̀ ronú. Ó ní, "Lásìkò yẹn, Jésù náà kò rí ìwé gbà láti kọjá ẹnubodè ilẹ̀ wa." Ẹ̀rín sọ nínú yàrá.

Mummy Alága ní, "Ọlọ́run á ṣàánú. Ìgbà wo wá ni ẹ sìnkú màmá?"

Mo fẹ́ wọlẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ fi sùúrù dáhùn pé, "Ó ti tó nǹkan bí igba ọdún."

Orí gbogbo wọn yí sí mi. Mummy Alága ní, "Daddy! Òkú igba ọdún! Ẹ ní kí n lọ wọ dúdú, kí n se ìrẹsì kúlà méjì, nítorí òkú tó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá ìyá ìyá mi!"

Mo ní, "Mummy, ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀."

"Ẹ tún dákẹ́!" Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi di ikùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá Ìsàlẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, kí n túmọ̀ rẹ̀ láìfi kún un. Ó ní láti ìgbà èwe òun ni òun ti ń bá obìnrin yìí gbé. Òun mọ bó ṣe ń gbé ife, òun mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Lójoojúmọ́ ayé òun ni òun ń mọ̀ pé ó ti kú, kò sì sí ẹni tó kí òun rí. Ó ní ẹ ṣeun tí ẹ wá.

Ẹ̀rín ti lọ. Mummy Alága fi etí gèlè nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Òkú tí a kò kí ẹni tó ni ín, kò tíì di òkú àná. Mà, ọmọ mélòó ni màmá fi sílẹ̀?"

"Kò bímọ."

"Ta ló wá jogún rẹ̀?"

Ìyá Ìsàlẹ̀ ní kò sẹ́nìkan.

Mummy Alága yíjú sí mi. "Daddy, ẹ bá mi sọ fún un dáadáa. Nílé wa, ẹni tí a bá kí kú ọ̀fọ̀ lójú agbo, òun ni ọmọ olóòkú. Ẹ̀yin ni, Mà. Ọmọ olóòkú kì í sì í kó ẹrù òkú síta pẹ̀lú páálí." Bí ó ṣe gbọ́ ti páálí, n kò mọ̀, ó ní láti jẹ́ pé ọmọ mi ló ti sọ ọ́. "Ìyá tó ń hun bàtà yẹn, ṣé ó padà rí ọmọ-ọmọ rẹ̀?"

Ìyá Ìsàlẹ̀ ní òun kò tíì túmọ̀ débẹ̀.

Ariwo sọ. "Háà! Kò ṣeé ṣe! Ẹ fẹ́ ká máa lọ sílé báyìí?" Ọmọbìnrin ilé ìkàwé ti mú kàlẹ́ńdà wá, ó ń wá Sátidé mìíràn, Mummy Alága sì ń sọ fún un èyí tí ìjọ kò ní nǹkan ṣe. Lẹ́yìn náà a jẹ ìrẹsì ọ̀fọ̀ náà. Ìyá Ìsàlẹ̀ bu ata lé tirẹ̀.

Ó padà sídìí iṣẹ́. Mo máa ń rí iná rẹ̀ ní fèrèsé láàárọ̀ kùtù bí mo bá ń lọ ra búrẹ́dì. Àwọn obìnrin náà ń wá, wọn kì í pé gbogbo wọn nígbà gbogbo, nítorí iṣẹ́ alẹ́, ṣùgbọ́n yàrá kò ṣófo mọ́. Ìyá tó ń hun bàtà náà rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti ń rìn, bàtà náà sì kéré jù fún un. A pariwo fún ayọ̀ nígbà tí a gbọ́ ọ, bí ẹni pé fóònù ni wọ́n fi sọ fún wa láti ilé. Apá ìkẹyìn ìwé náà ni obìnrin ilé-èrò ti di arúgbó, tó fá orí bíi ti àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn, tó gba ìwé tirẹ̀, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá nínú ẹnubodè tó ti ń wò láti fèrèsé láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Ó rìn dé òkun. Ó kọ ọ́ pé ní òdìkejì, ọ̀nà náà kàn ń bá a lọ ni. Ìyá Ìsàlẹ̀ ka ìyẹn fúnra rẹ̀, ní ohùn kékeré rẹ̀ yẹn, kò jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

Ìyá Ìsàlẹ̀ parí iṣẹ́ náà. Nígbà tí òtútù tún dé, àìsàn díẹ̀ ṣe é, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́, Mummy Alága wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ wá láti Jàpáànù. A kí i kú ọ̀fọ̀ títí ó fi fẹ́ sá.

Bí ogún ṣe pín nìyí. Ọmọ àbúrò rẹ̀ gbé eérú rẹ̀, nítorí sísun ni wọ́n ń sun òkú nílẹ̀ wọn, àti fọ́tò àwọn òbí rẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀dà àtijọ́ náà padà sí tẹ́ńpìlì tó ti rí i. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ilé ìkàwé, wọ́n dì í ní ìwé tó nípọn, ẹnikẹ́ni lè yá a. Mummy Alága gba kẹ́tùlù irin rẹ̀, ògì ló fi ń po. Ọmọ mi gba kóòtù dúdú, ó ní ó bá ìgbà mu. Èmi gba òdòdó inú ìkòkò kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, mo ń bomi rin ín.

Ní ti obìnrin ilé-èrò fúnra rẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ wa ni wọ́n jogún rẹ̀. Mo gbọ́ tí Mummy Alága ń pa ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti gbé ẹnubodè náà kúrò lórí òkè Jàpáànù, ó ti gbé e sójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ó sì ti fi iṣu kún oúnjẹ ilé-èrò. Àwọn ọmọ náà jókòó, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Èmi ò tún un ṣe fún un.